Bí a ṣe ń fi amọ̀ mọ háńdù kọ́bọ́ọ̀dù onírìísí ẹja, òkòtó àti owó ẹyọ

Káfíńtà tó kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi ló kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo kó háńdù mẹ́jọ tí mo fi amọ̀ mọ lọ bá a, ẹja mẹ́jọ tí ìrù wọn tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ó yí ọ̀kan padà, ó wo ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo bóòtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹja yín dára o, àmọ́ bóòtì wo lẹ fẹ́ kó gbé mì?” Ihò ti fún. Nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, bóòtì yẹn wọ ibẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn tí iná jó o tán, kò wọ̀ mọ́. Mẹ́ta nínú àwọn ẹja náà sì ti kán ní ìrù kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìka la ń mọ háńdù fún, ojú ló tẹ̀lé e. Ìka ni yóò máa fà á láràárọ̀, ìka tó lépo, ìka tó ní ọṣẹ lára, ìka ọmọdé tó ń fà á bí ẹni fa okùn ewúrẹ́. Nítorí náà, ihò àti ọrùn háńdù ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù nínú àlàyé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrù ẹja ló dùn-ún wò.

Kí la fẹ́ mọ?

Òṣogbo kò sí létí òkun, odò la ní. Ṣùgbọ́n ohun inú omi kì í ṣe àjèjì sí wa. Oyè ọba wa, Àtáọ́jà, ìtàn ẹja ló dúró lé: ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Owó ẹyọ tó wà nínú igbá ìyá àgbà náà, ìkarahun ẹranko òkun ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀, láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ló ti bá ọkọ̀ oníṣòwò wá, kó tó di ohun tí àwọn baba ńlá wa ń ná lọ́jà.

Owó ẹyọ ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó rí roboto, kò ní apá, kò ní ìrù, ìka méjì sì ń dì í mú dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkòtó, tí a ń fi amọ̀ gbọọrọ ká yípo. Ẹja ṣe ìkẹta. Ìràwọ̀ òkun, ẹranko ọlọ́wọ́ márùn-ún yẹn, dára bí ẹ bá jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrú kó sì sanra bí ìka ọmọ ọwọ́.

Akàn àti edé ńkọ́? Mi ò gbà yín nímọ̀ràn. Ẹsẹ̀ àti irùngbọ̀n edé kò ní pẹ́ kí wọ́n tó wà nílẹ̀ ilé ìdáná. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí akàn, kó mọ amọ̀ pẹlẹbẹ roboto, kó wá gbẹ́ akàn náà sójú rẹ̀, kó ká èékánná rẹ̀ mọ́ àyà. Ère Ìyá Mọ̀ọ́pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria) mọ sínú igbó Ọ̀ṣun, nà ọwọ́ jáde, ó sì bá a mu níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń fà á ṣílẹ̀kùn. Lára kọ́bọ́ọ̀dù, ohunkóhun tó bá yọ síta ju ìbú ìka kékeré lọ yóò kán lọ́jọ́ kan.

Amọ̀

Ẹ má wa amọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun. UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005, a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ náà sinmi. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ ra amọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ ìkòkò. Àwọn ìyá amọ̀kòkò wà ní Ìpetumodù lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀, wọ́n wà ní Ìlọrin, wọ́n sì mọ amọ̀ tó gba iná àti èyí tí kò gbà á ju bí ìwé kankan ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ aláìmọ̀wé lásán ni, kó yí owó ₦20 rẹ̀ padà: Ladi Kwali, amọ̀kòkò, ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn.

Bí ẹ bá fúnra yín wa amọ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan, ẹ dán an wò. Ẹ fi ọwọ́ yí i kó gùn bí okùn tó nípọn tó ìka kékeré, kí ẹ wá ká a mọ́ ìka ìlábẹ̀. Bó bá sán kàkà, iyanrìn inú rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá ká láìsán, ó ṣe é lò. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Bó bá silẹ̀ tán, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ tẹ́ ìyókù sórí aṣọ tó mọ́ títí tí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ lórí fídíò kì í ṣe: àpáàdì. Ẹ wá ìkòkò tó ti fọ́, ẹ gún un kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ pò ó mọ́ amọ̀, ife àpáàdì kan sí ife amọ̀ márùn-ún. Òun ni kì í jẹ́ kí háńdù sán nígbà tó bá ń gbẹ àti nígbà tó bá wà nínú iná. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn igi tí àwọn tó tẹ ìlú yìí dó gé, tó wó sínú odò, tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn fi jáde láti inú omi pé, “Oṣó igbó!” Ìyá kan tó ń mọ ìkòkò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún mi pé ká ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ì bá ti ṣa àpáàdì yẹn lọ sílé.

Ẹ po amọ̀ náà dáadáa, ẹ máa gé e sí méjì, ẹ máa là á mọ́ ara wọn, títí tí inú rẹ̀ á fi dọ́gba láìní ihò. Nígbà tí ẹ bá ń gún àpáàdì, ẹ fi nǹkan bo imú, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a. Eruku amọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ wọn ìsúnkì kí ẹ tó mọ ohunkóhun

Amọ̀ máa ń sún kì lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tó bá ń gbẹ, àti nígbà tó bá wọ iná. Ohun tó dójú ti ẹja mi nìyẹn. Ẹ tẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ bí ìgbànú, ẹ fi rúlà fa ìlà mìlímítà 100 sí i lára, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ sun ún ní irú iná tí ẹ máa fi sun iṣẹ́ yín gan-an, kí ẹ tún wọn ìlà náà. Bó bá ku 90, ìdá 10 nínú 100 ló fi sún kì. Amọ̀ tèmi kì í jìnnà sí iye yẹn, òun ni mo sì fi ṣe gbogbo ìṣirò tó kù níhìn-ín. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀.

Háńdù tí mo bá fẹ́ kó jẹ́ mìlímítà 36 nígbà tó bá jinná, 40 ni mo ń mọ ọ́n. Ihò tí bóòtì mìlímítà 4 máa gbà kọjá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 5 lẹ́yìn iná, nítorí náà 5.5 ni mo ń lu ú nígbà tó bá tutù. Èèpo bírò kan wà tó bá a mu gẹ́lẹ́ nílé mi. Ẹ wọn ti yín, nítorí bírò ju bírò lọ.

Mímọ owó ẹyọ

Ẹ gé amọ̀ tó tó ẹyin àdàbà, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi dà bí ẹyin tó gùn díẹ̀. Ẹ rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ kan kó pẹlẹbẹ. Ẹ gbé e sílẹ̀ kó sinmi tó bí wákàtí kan, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ojú rẹ̀ sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi igi ìtayín tẹ eyín kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú náà. Ẹ má jẹ́ kí eyín náà mú. Ẹ fi ìka tó tutù nù ún, nítorí ohun tó bá ń gún yín lọ́wọ́ báyìí yóò gún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jinná.

Àwọn kan máa ń fẹ́ tẹ owó ẹyọ gidi sínú amọ̀ kí wọ́n lè rí mọ́ọ̀dù, ìyẹn ihò tó gba ìrísí rẹ̀, kí wọ́n sun mọ́ọ̀dù náà, kí wọ́n wá máa tẹ háńdù jáde nínú rẹ̀. Ọgbọ́n rere ni, ṣùgbọ́n mọ́ọ̀dù náà á sún kì, ohun tí ẹ bá tẹ̀ nínú rẹ̀ á tún sún kì. Owó ẹyọ tó jẹ́ mìlímítà 20, mọ́ọ̀dù rẹ̀ á di 18, háńdù á di nǹkan bíi 16. Ìyẹn kéré jù fún ìka àgbàlagbà. Ẹ fi ọwọ́ mọ owó ẹyọ ńlá kan, kí ẹ fi ìyẹn ṣe mọ́ọ̀dù.

Òkòtó àti ẹja

Fún òkòtó, ẹ yí amọ̀ kó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì, kí orí kan sanra, kí èkejì tín-ín-rín bí ìrù eku. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tó sanra, ẹ máa ká a lọ sókè, ẹ máa fi amọ̀ olómi lẹ ìpele kan mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni kí ẹ ti fi ìka tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ìlà òde má baà parẹ́. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ sọ, ọwọ́ yín á kọ́ yín.

Ẹja ló gba làákàyè. Ìrù tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ ló pa mí lẹ́kún, nítorí náà mo yí i padà: mo ká ìrù náà wá mọ́ ikùn, bíi ti ẹja tí àwọn alẹ́ja ń fi igi gún ìrù mọ́ ẹnu kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Ẹja tó ká kò ní ibi tí yóò ti kán, ìka sì ń rí ààrin rẹ̀ wọ̀. Ìpẹ́ rẹ̀, ṣíbí kékeré ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, láti ìrù wá sí orí, kí ìpẹ́ tòsí orí lè gùn lé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọrùn àti ihò

Ìka gbọ́dọ̀ rí ẹ̀yìn háńdù wọ̀. Bí ẹ bá lẹ owó ẹyọ mọ́ ilẹ̀kùn láìní ọrùn, èékánná nìkan ni ẹ óò fi máa họ ọ́. Ẹ mọ ọrùn tó fẹ̀ tó mìlímítà 22, tó sì ga tó 12. Ẹ ha ojú ibi méjèèjì tó máa pàdé bí ẹni ha ilá, ẹ fi amọ̀ olómi kùn ún, ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́ra, kí ẹ sì yí wọn díẹ̀ títí tí ẹ óò fi rí i pé wọ́n ti di ara wọn mú. Ìgbà tí amọ̀ bá ti le bí wàrà àwọn Fúlàní ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Ọ̀nà méjì ni bóòtì lè gbà wọlé.

Èkíní, nọ́ọ̀tì nínú ọrùn. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò roboto tó fẹ̀ tó 10, tó jìn tó 5, sí ìsàlẹ̀ ọrùn. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tì máa jókòó sí. Láti ààrin rẹ̀, ẹ fi èèpo bírò lu ihò tóóró lọ síwájú sí i, bíi mìlímítà 7, kí orí bóòtì tó bá kọjá nọ́ọ̀tì lè rí àyè. Pákó kọ́bọ́ọ̀dù sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 18. Bóòtì tó gùn tó 25 á wọ inú háńdù tó 7, ìyẹn sì tó. Ẹ má gbẹ́ ihò náà títí dé ojú owó ẹyọ.

Èkejì ni mo fẹ́ràn fún ẹja: ẹ lu ihò láti ojú ẹja já sí ẹ̀yìn ọrùn, kí orí bóòtì onídẹ di ẹyinjú rẹ̀. Bóòtì gígùn lẹ óò lò, bíi 50, nọ́ọ̀tì á sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Alejò tó bá rí i á rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Bó bá sì jẹ́ háńdù gígùn oníhò méjì lẹ fẹ́, ẹ mọ̀ pé àyè láàárín ihò méjèèjì á sún kì pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà lu pákó ṣáájú. Ẹ sun háńdù, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá lu pákó tẹ̀ lé e.

Gbígbẹ

Ní ìgbà òjò, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ òjìji. Ní ìgbà ọyẹ́, ewu pọ̀: òde á gbẹ kí inú tó gbẹ, ọrùn á sì já kúrò lára orí. Ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó gbẹ, ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá ń tutù sí yín lára, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń pariwo pé atẹ́gùn inú amọ̀ ló ń bú u nínú iná. Omi tó di ooru ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Sísun

Bí ẹ bá ń gbọ́ tèmi, ẹ kó iṣẹ́ yín lọ bá àwọn ìyá tó ń sun ìkòkò, kí ẹ fi nǹkan kí wọn, kí wọ́n bá yín kó háńdù sínú ìkòkò ńlá kan láàárín tiwọn. Iná ìta gbangba bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná láàárín 600 sí 900 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ìyá tó sun tèmi kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ yí ẹ̀yinná tí kò lágbára ká láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí mo bi í pé, “Màmá, ṣé kò tíì tó ni?” ó ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ yá ni àbí amọ̀?” Mo jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ dá a sun nílé, kó wá ìkòkò àtijọ́ tó tóbi, kó da eérú sísàlẹ̀ rẹ̀, kó to háńdù sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n fún ara wọn, kó fi àpáàdì bò ó. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó máa fi kún un fún wákàtí mélòó kan, ní gbangba tí kò sí ilé tàbí koríko gbígbẹ nítòsí. Bí iná bá kú, kó má ṣí i títí di ọjọ́ kejì, àfi bó bá fẹ́ fi èéfín sọ ọ́ di dúdú bí mo ṣe máa sọ nísàlẹ̀. Atẹ́gùn tútù tó bá fẹ́ lu amọ̀ gbígbóná á sán an.

Háńdù tí iná ìta sun máa ń fa omi, kò sì le tó ti inú ìléru. Ó tó fún kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àti ti ìwé. Èyí tó máa wà lẹ́bàá omi ìfọbọ́, ẹ wá ìléru oníná mànàmáná fún un. Àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń ní i, àwọn oníṣẹ́ amọ̀ kan náà ní i. Ìsun àkọ́kọ́ á dé bíi 1000. Èkejì, tó máa yọ́ gíléèsì (ohun dídán bíi gíláàsì tó ń bo ojú amọ̀) sí i lára, á wà láàárín 1000 sí 1060 fún amọ̀ pupa bíi tiwa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e dé 1200 láìdán an wò, nítorí ọ̀pọ̀ amọ̀ pupa á yọ́ bí àdí níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá òjé wà nínú gíléèsì wọn. Bó bá wà, ẹ má gbà á, nítorí ọwọ́ tó di háńdù mú náà ló máa gbé oúnjẹ sẹ́nu. Ẹ má fi gíléèsì kan ìsàlẹ̀ ọrùn àti ihò.

Àwọ̀

Ọmọ ìlú aró ni wá, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n fi aró kun ẹja. Ẹ má dán an wò. Ewé ni aró ti wá, iná á jó o dànù. Osùn náà á jó. Ohun tó wá láti inú ilẹ̀ ló ń gba iná: ẹfun fún funfun, ilẹ̀ pupa fún pupa. Ẹ po ẹfun mọ́ díẹ̀ nínú amọ̀ yín kó má baà ṣí kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ aró gan-an, gíléèsì tó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kọ́bọ́ọ̀tì ló máa fún un.

Èyí tó dára jù lójú mi kò ná yín ní kọ́bọ̀. Nígbà tí amọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ fi òkúta odò tó jọ̀lọ̀ ha á títí tó fi ń dán. Lẹ́yìn tó bá jinná, tó ṣì gbóná, ẹ fi ẹ̀mú gbé e sínú iyẹ̀ pákó láti ilé ìlagi, kí ẹ fi agbada bò ó mọ́lẹ̀. Èéfín á sọ ọ́ di dúdú bí ẹ̀yìn àrọ̀. Àwọn amọ̀kòkò kan máa ń wọ́n omi èèpo èso igi irú sí i dípò rẹ̀, ìyẹn á fún un ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán. Bó bá tutù, ẹ fi ìda oyin díẹ̀ pa á, kí ọwọ́ elépo má baà tètè wọ̀ ọ́ lára.

Kíkàn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù

Fún onínọ́ọ̀tì inú, ẹ po gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì, ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò, ẹ ki nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tì náà mọ́ bóòtì tí ẹ ti fi gírísì pa. Òun ló máa mú kí nọ́ọ̀tì dúró gangan, gírísì ni kò sì ní jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú bóòtì. Ẹ tú bóòtì lẹ́yìn wákàtí 24.

Ẹ gé róbà roboto láti ara túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ẹ fi sí gbogbo ibi tí irin tàbí pákó bá ti pàdé amọ̀. Amọ̀ sísun kì í tẹ̀; bí irin bá fún un, ó sán nìyẹn. Róbà yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ẹja yí dorí kodò bí a bá ń fà á. Ẹ sọ fún káfíńtà kó lu pákó ní mìlímítà 5, kó sì fi ọwọ́ fún bóòtì. Kó gbé ṣípáná sílẹ̀. Káfíńtà tèmi ò gbà, ó ní òun ò kan háńdù tó ń mì rí. Ẹja kẹrin ló sán mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó gbé ṣípáná náà sínú àpò.

Kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn mẹ́jọ, háńdù méjìlá ni kí ẹ mọ fún un.